Àwọn Àmì Pupa Orí Ahọ́n Mi

Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rí ẹni tí ara rẹ̀ ti dá ṣáṣá, kó má fi àkókò rẹ̀ ṣòfò lórí èyí. Ara mi ò dá. Dókítà ti sọ fún mi pé kò ní í dá, pé ohun tí a lè máa ṣe kò ju ká máa dí ibi tó bá ń jò lọ. Ohun tó mú mi kọ ọ́ ni pé ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi tọ́jú àìsàn tí mi ò ní, nígbà tí èyí tí mo ní ń fa ẹ̀jẹ̀ mi mu. Bóyá ẹnì kan wà níbì kan báyìí tó ń ṣe irú ohun tí mo ṣe. Kó gbọ́ tèmi.

Múfútáù ni orúkọ mi. Télọ̀ ni mí, aṣọ sójà ni mo sì ń rán jù. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lójú ọ̀nà tó lọ sí bárékè ní Ọ̀jọ́. Òkòkómaikò ni èmi àti Rámátù ìyàwó mi ń gbé, ọmọ Abẹ́òkúta sì ni àwa méjèèjì. Láti kékeré ni ẹ̀jẹ̀ ti máa ń dà ní imú mi. Bí mo bá tẹrí ba láti kọ nǹkan ní ilé ìwé, ó lè kán tó sórí ìwé. Bàbá mi náà ní i, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin náà ní i. Nínú ilé wa, a ò kà á sí àìsàn. Wọ́n ní ooru ara ni. Wọ́n á bu omi tútù sí wa lórí, ó parí. Bàbá mi ò dàgbà púpọ̀ kí wọ́n tó kú. Ara wọn funfun, wọ́n ń mí hẹlẹ, àwọn èèyàn ní ẹ̀jẹ̀ wọn ló tán. Kò sí ẹni tó béèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà gbà lọ.

Ọdún méje rèé tí tèmi yí padà. Mo ti lé díẹ̀ ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta nígbà náà. Mo kàn ṣàkíyèsí pé bí mo bá ń gun afárá tí a fi ń sọdá títì ní Òkòkó, mo ní láti dúró lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dé òkè, àyà mi á sì máa lù kìkìkì. Lẹ́yìn náà ni áísì bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀. Mo kàn fẹ́ máa rún áísì lẹ́nu ṣáá. Obìnrin tó ń ta omi tútù níwájú ṣọ́ọ̀bù wa á kó o fún mi nínú ọ̀rá, n ó máa rún un bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, eyín mi á máa ro mí, mi ò sì lè dáwọ́ dúró.

Lẹ́yìn áísì ni ìgbẹ́ mi dúdú. Ẹ má bínú pé mo ń sọ ọ́ báyìí, ìtìjú ló fẹ́ pa mí. Kì í ṣe dúdú ti ẹni tó jẹ ẹ̀fọ́. Ó dúdú bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì, ó ń lẹ̀, ó sì ní òórùn kan tí mi ò mọ̀ rí. Ẹ gbọ́ o: ẹ̀jẹ̀ tó bá ti inú lọ́hùn-ún wá kì í pupa mọ́ nígbà tó bá fi máa jáde. Dúdú ni. Èmi ò mọ̀. Pupa ni mò ń wá, n kò rí pupa, mo ní ara mi le.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àlájà Sìdí, tí wọ́n ń ta gààrí ní Ìjànikin, ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Wọn ò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“Jẹ̀díjẹ̀dí ni. O jókòó sórí àga láti àárọ̀ dalẹ́, o ń fi mílíìkì àti ṣúgà mu tíì. Kí lo rò pé ó máa ṣe ẹ́?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé jẹ̀díjẹ̀dí máa ń mú kó rẹ èèyàn tó báyìí?”

“Tìrẹ ti wọnú ni. Èyí tó bá ti wọnú kì í ṣe kékeré.”

Wọ́n gbé agbo wá nínú kẹ́ẹ̀gì, egbò igi tí wọ́n rẹ sínú omi ògì kíkan. Mo ń mu ún láàárọ̀, mo ń mu ún lálẹ́. Inú mi á lọ́ mi, n ó sáré lọ yàgbẹ́, ìgbẹ́ náà á sì túbọ̀ dúdú. Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, inú wọn dùn. Wọ́n ní, “Ṣé o rí i? Ìdọ̀tí inú ẹ ló ń jáde yẹn.” Mi ò bínú sí wọn. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ìfẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sin mí.

Lọ́jọ́ kan tí mò ń gé aṣọ fún sájẹ́ǹtì kan, sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò gbọ́ ìró rẹ̀ nígbà tó balẹ̀. Ìgbà tí mo lajú, ẹ̀yìn ọkọ̀ sájẹ́ǹtì náà ni mo wà, ó ń gbé mi lọ sí ọsibítù aládàáni kan ní Ìbà. Ará òkè Ọya ni, kò gbọ́ Yorùbá. Nígbà tí wọ́n ń gbé mi sọ̀ kalẹ̀, ó yí àtẹ́lẹwọ́ mi síta, ó wò ó. “Ọ̀gá télọ̀,” ó ní, “your hand no get blood again o.”

Ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fà sí mi lára. Dókítà ibẹ̀ ní ọgbẹ́ inú ni, ọ́sà. Ó kọ oògùn ọ́sà fún mi, mo lò ó fún oṣù mẹ́ta láìfo ọjọ́ kan. Ẹ̀jẹ̀ tún tán. Wọ́n tún fà á sí mi lára, wọ́n tún fi oògùn ọ́sà mìíràn kún un. Báyìí la ṣe ń bá a yí. Nígbà tó yá, mo ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìránṣọ mi méjèèjì, nítorí kò sí agbára tí mo fẹ́ fi lo méjì mọ́ lọ́nàkọnà.

Rámátù ní ká lọ bá ààfáà. Wọ́n fún mi ní hàntú, omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ Kùránì kúrò lára wàláà, mo mu ún. Mo nígbàgbọ́ nínú àdúrà títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọkùnrin yìí, kí Ọlọ́run fún wọn ní ẹ̀mí gígùn: ìgbà kẹta tí mo lọ, wọn ò rọ hàntú fún mi mọ́. Wọ́n ní, “Bàbá Kúdí, omi ni mò ń fún yín, ẹ̀jẹ̀ lẹ nílò. N ó máa ṣàdúà fún yín láti ibí. Ẹ̀yin, ẹ wá ọsibítù tó tóbi lọ.”

Ọsibítù ńlá ti ìjọba tí a lọ jìnnà sí wa. Bí a bá ti kírun àsùbáà tán la máa ń kúrò nílé, tí a bá fi máa débẹ̀, ẹni bí ogójì á ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹni tó bá dìde lọ tọ̀ lè má bá àyè rẹ̀ mọ́. Rámátù á fi ìborùn rẹ̀ dí àyè mi, á sì dúró tì í bí ẹni ń ṣọ́ adìyẹ. Wọ́n á pe nọ́ńbà dé ọgbọ̀n, wọ́n á ní ó tó fún òní, ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta la lọ kí wọ́n tó pe tèmi.

Wọ́n ki rọ́bà tó ní kámẹ́rà lórí bọ ọ̀fun mi. Dókítà tó ṣe é, ọ̀dọ́bìnrin kan ni, ó tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n tí àwòrán inú mi wà. Nígbà tó fa rọ́bà náà jáde, mò ń retí pé kó sọ pé ọ́sà ni. Ó ní:

“Bàbá, ẹ yọ ahọ́n yín jáde.”

Mo yọ ọ́. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ó wo ètè mi, ó gba ọwọ́ mi, ó wo orí ìka mi níkọ̀ọ̀kan.

“Ó ti tó ìgbà wo tí àwọn àmì pupa yìí ti wà lẹ́nu yín?”

“Ó pẹ́. Bàbá mi náà ní i.”

“Ṣé ẹ̀jẹ̀ máa ń dà ní imú yín?”

“Láti kékeré.”

“Bàbá yín ńkọ́?”

Fún ọdún mẹ́rin, nínú gbogbo àwọn tó fún mi ní agbo, tó fún mi ní oògùn, tó fún mi ní hàntú, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó bi mí léèrè nípa bàbá mi.

Ó pe àìsàn náà ní orúkọ gígùn kan tí mi ò lè pè. Ohun tó yé mi ni èyí: láti inú oyún ni àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ kan nínú ara mi kò ti rí bó ṣe yẹ kí wọ́n rí. Ara wọn fẹ́lẹ́, ohun díẹ̀ ló ń bẹ́ wọn. Ó ní ìwọ̀nba là ń rí lórí ahọ́n mi yẹn, pé inú ikùn àti ìfun mi ni wọ́n pọ̀ sí. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́.

“Ṣé ẹ máa gé e kúrò ni?” mo bi í.

“Wọ́n ti pọ̀ jù, Bàbá, a ò lè gé e. A máa fi iná jó àwọn tí ọwọ́ wa bá tó. Tó bá yá, òmíràn á tún yọ.”

“A ó máa ṣe é títí dìgbà wo?”

Ó ń kọ̀wé. Ó ní kí n má mu agbo jẹ̀díjẹ̀dí mọ́, kí n má sì lo oògùn ara ríro kankan láìjẹ́ pé mo bi wọ́n, nítorí òmíràn nínú wọn máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dà sí i. Mo rántí gbogbo èyí tí mo ti gbé mì nítorí ẹ̀yìn tó ń ro mí nídìí ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn náà ló bi mí pé ọmọ mélòó ni mo ní. Mo ní ẹyọ kan, Kúdírátù. Ó ní nǹkan inú ẹbí ni, pé kí n mú un wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní n ó mú un wá. Mi ò mú un lọ. Mo mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ máa ń dà ní imú Kúdí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo sọ fún ara mi pé kò tó tèmi, pé ooru ni. Ohun tí wọ́n sọ nípa tèmi ní kékeré náà nìyẹn.

Wọ́n jó o fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ti àkọ́kọ́ gbé mi fún oṣù márùn-ún, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ìkejì ò tó bẹ́ẹ̀. Ìkẹta, kí n tó délé ni ìgbẹ́ ti dúdú. Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ní ó ń ran àwọn ẹlòmíì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, dókítà náà sì sọ ọ́ fún mi bí èèyàn ṣe ń sọ nípa ilé tí kò ní í gbé láyé. Ohun tó kù ni ẹ̀jẹ̀ gbígbà. Ọsibítù á sì ní kí o mú ẹni tó máa fi tirẹ̀ dípò wá. Sájẹ́ǹtì yẹn kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá láti bárékè, Ọlọ́run á san án fún wọn, títí tí wọ́n fi gbé wọn lọ sí ojú ogun. Mo ti bẹ gbogbo ẹni tí mo lè bẹ̀ tán nígbà tí Kúdí gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ pé a ń wá ẹ̀jẹ̀.

Tíṣà ni Kúdí, ní ilé ìwé aládàáni kan ní Ìbà. Ẹni ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni. Kò sọ fún mi pé òun ń bọ̀. Mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí mo rí i lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀, ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Mo pè é, ohùn mi ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gún un níka, ó fi ẹ̀jẹ̀ náà sí ẹ̀rọ kékeré kan, ó wò ó. Ó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ló ní:

“Sísítà, ta ló ní kẹ́ ẹ wá fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀? Ẹ̀yin gan-an ló yẹ ká fà á sí lára.”

Kúdí rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni.

Nígbà tó wá sídìí bẹ́ẹ̀dì mi, mo ní kó yọ ahọ́n jáde. Mẹ́ta wà létí ahọ́n rẹ̀. Ọ̀kan wà ní ètè ìsàlẹ̀, níbi tí ìpara tó ń kùn máa ń bò.

“Dádì, kí lẹ rí?”

“Ohun tí bàbá mi fún mi ni mo rí.”

Ìgbéyàwó rẹ̀ ku oṣù méjì. Tàófíìkì ni orúkọ ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ọmọ jẹ́jẹ́ kan láti Ìbà níbẹ̀. Rámátù bẹ̀ mí pé ká dákẹ́. “Ẹ jẹ́ kó délé ọkọ ná. Èmi náà ò mọ̀ nígbà tí mo fẹ́ yín, ṣé mo wá sá lọ ni?” Kúdí ní tirẹ̀ sọ pé, “Ẹnu ara mi ni n ó fi sọ ọ́. Dádì, ẹ ṣáà fún mi ní àyè.”

Mo fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ti tẹ káàdì ìpè. Mo ń wo káàdì náà lórí tábìlì, bí ọ̀daràn ni mo ṣe ń rí lójú ara mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, mo gun kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Ìbà, mo lọ bá ìyá Tàófíìkì. Opó ni wọ́n. Wọ́n fún mi ní mọ́ọ̀tì, wọ́n jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọn ò já mi lẹ́nu.

“Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ fún wa,” wọ́n ní. “Èèyàn dáadáa ni yín, Bàbá Kúdí. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo tọ́ ọmọ yìí. Mo ti sin ọkọ. Mi ò lágbára àtisin ọmọ-ọmọ.”

Wọ́n sìn mí dé ìta, wọ́n kúnlẹ̀ kí mi pé ó dàbọ̀. Bí wọ́n ṣe kúnlẹ̀ yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti parí.

Lọ́jọ́ kejì, Kúdí wá bá mi nílé. Kò pariwo. Ó ní, “Mo ní kẹ́ ẹ fún mi ní àyè.”

“Mo rò pé o ò ní í sọ ọ́ mọ́ ni.”

“Mo ti sọ ọ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo ti sọ ọ́ fún Tàófíìkì. Ó ní kò burú, a ó jọ gbé e. Ó kàn ń wá ọ̀nà tó máa gbà sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ ni.”

Tàófíìkì gbìyànjú fún oṣù kan. Ìyá rẹ̀ yarí. Tàófíìkì jáwọ́. Kúdí kó lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, fún oṣù márùn-ún, kò gbé fóònù mi. Ẹ̀yin tó bá jẹ́ pé ọmọ yín ló kàn, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín: ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ tí wọ́n bá sọ fún yín, kẹ́ ẹ má ṣe bíi tèmi. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti sọ fún un tán, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kó gbé e bó ṣe fẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ imú ló mú un padà wá. Ó dà níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kò dá fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ̀rù bà á, èmi ló pè. Láti ìgbà náà, àwa méjèèjì la jọ ń lọ sí kíníìkì. Èmi ń gba ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà báyìí. Kò tíì pẹ́ tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ mẹ́jọ. Ní ti Kúdí, wọ́n ń fa oògùn tó ń ṣẹ̀dá ẹ̀jẹ̀ sí i lára, inú tirẹ̀ kò tíì máa jò, wọ́n ní bí ó bá dàgbà sí i, ó ṣeé ṣe kó bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè gun afárá Òkòkó mọ́. Ṣọ́ọ̀bù, mo ń lọ lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀.

Ìgbà tí a lọ gbẹ̀yìn, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì, nọ́ńbà wa ṣì jìnnà. Kúdí ní dókítà ti sọ fún òun pé tí òun bá bímọ, bóyá ọmọ náà á ní i, bóyá kò ní í ní i, kò sẹ́ni tó mọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní:

“Dádì, ká ní ẹ ti mọ̀ nígbà yẹn, ṣé ẹ̀ bá bí mi?”

“Ǹ bá bí ẹ,” mo yára sọ bẹ́ẹ̀.

Ó wò mí lójú, kò sí ìbínú kankan níbẹ̀. Ó ní, “Ẹ rò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn.”

Wọ́n pe nọ́ńbà rẹ̀, ó dìde wọlé. Ó ti di oṣù kan ààbọ̀ báyìí. Kò tíì tún bi mí, èmi náà ò sì tíì rò ó tán.